Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Ìbáwí Líìgì Wa: Ẹ Yé Parí Ẹjọ́ Lábẹ́ Igi Máńgòrò

Ẹ̀yin àgbà inú ìgbìmọ̀ ìbáwí líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n wa ní Abuja,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àforítì. Mi ò ní dárúkọ líìgì wa síbí, mi ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú yín. Ẹni tọ́rọ̀ kàn á mọ ara rẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi Yorùbá kọ ọ́ ni. Alága wa, akọ̀wé wa, àti púpọ̀ nínú àwọn tó ni kílọ́ọ̀bù, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí iṣẹ́ gbé wá sí ìlú yìí ni wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń ṣèpàdé. Àmọ́ bí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀, Yorùbá lẹ fi ń bẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ran yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀, torí mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń yí ìtàn náà padà. Géèmù tó kángun sí àṣekágbá ni. Eré ti ń lọ sópin nígbà tí kóòṣì ikọ̀ tó ń fìdí rẹmi fi pátákó kékeré tó fi ń yàwòrán eré la ilẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ rẹfirí fún un ní tẹ́kíníkà fáòlù, ìyẹn fáòlù tí wọ́n ń fúnni fún ìwà àìtọ́. Kò pẹ́ sígbà yẹn, ó pe rẹfirí kejì mi, ọmọ tí iṣẹ́ yìí ṣì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ lára, ní olè. Ìyẹn di méjì. Nínú òfin FIBA, àjọ bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àgbáyé, tí gbogbo wa jọ ń lò, kóòṣì tó bá ti gba méjì fún ìwà ọwọ́ ara rẹ̀ ti kúrò nínú géèmù nìyẹn: kó lọ jókòó sí yàrá ìmúra ikọ̀ rẹ̀ títí eré á fi parí, tàbí kó kúrò nínú ọgbà pátápátá. Pápá tiwa kò ní yàrá ìmúra. Ló bá lọ dúró sẹ́yìn wáyà ọgbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, ó pe igbákejì rẹ̀ lórí fóònù, igbákejì sì ń fi igbe tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ fún àwọn ọmọ: "Ó ní kẹ́ ẹ ṣe zone! Ó ní kí nọ́ńbà 7 jáde!" Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà ì bá rẹ́rìn-ín bí kì í bá ṣe ohun tó tẹ̀lé e.

Bí fèrè ìkẹyìn ṣe dún, ọmọ ikọ̀ náà kan tó wọ nọ́ńbà 23 gba ọ̀dọ̀ tábìlì kọjá, ó sì fi èjìká ti ọmọbìnrin tó ń kọ àmì ayò. Ọmọbìnrin náà àti àga rẹ̀ jọ lọ sílẹ̀. Awò ojú rẹ̀ fọ́.

Ẹ̀yìn ìyẹn la bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò níbi tí ẹ ń gbé mọ́tò sí. Ẹ gbé Maltina tútù lé mi lọ́wọ́. Ẹ ní kí n máa bínú, ẹ ní ọmọ wa ni. Ẹ ní kóòṣì yẹn ló bá wa wá ẹni tó ń ra jẹ́sì àti omi. Ọ̀kan nínú yín pa á lówe pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Alhaji tó ni ikọ̀ kejì, tí ọ̀rọ̀ náà kò tilẹ̀ kàn, dá sí i ní Háúsá: "Ku yi haƙuri," ẹ ní sùúrù. Wọ́n ka owó awò fún ọmọbìnrin náà, ó sì kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ẹni tí wọ́n tì lulẹ̀ ló kúnlẹ̀ o. Ẹ wá ní kí n má fi ìwé ránṣẹ́ mọ́. Mo fi ránṣẹ́, torí òfin sọ pé olórí rẹfirí gbọ́dọ̀ kọ ìròyìn nípa irú ìwà burúkú báyìí. Títí di òní, ẹ ò fèsì. Wọ́n jọ wá sí géèmù tí wọ́n fi ń wá ipò kẹta ni: kóòṣì jókòó sí àyè rẹ̀, ọmọ sì gbá bọ́ọ̀lù.

Mo pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan lọ́jọ́ yẹn, mo bi í pé kí ló dé. Kò yájú sí mi. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí Draymond ni?"

Mo rí Draymond. Kò sí ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní Garki tàbí Nyanya tí kò ní fídíò rẹ̀ lórí fóònù. Draymond Green ti Golden State Warriors mọ bọ́ọ̀lù gbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́: ife ẹ̀yẹ mẹ́rin ló ti gbà ní NBA, líìgì ńlá ti Amẹ́ríkà, òun náà sì ni wọ́n dá lọ́lá ní 2017 pé kò sẹ́ni tó mọ ìgbèjà ṣe tó o ní gbogbo líìgì. Àmọ́ ibi tí fídíò àwọn ọmọ yìí kì í dé ni ibi tí ọkùnrin náà ti ń san gbèsè. Ní 2016, Warriors ti fi 3 sí 1 ṣíwájú Cleveland nínú àṣekágbá, ó ku géèmù ẹyọ kan kí wọ́n gba ife. Àmọ́ nínú géèmù kẹrin tó sọ ọ́ di 3 sí 1 yẹn, Draymond ti ju ọwọ́ sí LeBron James ti Cleveland nísàlẹ̀ ikùn. Kó tó ju ọwọ́ yẹn, òfin ti wà nílẹ̀: fáòlù tó burú ní àmì tirẹ̀, 1 fún èyí tó kéré, 2 fún èyí tó ga, ẹni tí tirẹ̀ bá sì pé 4 láàárín àwọn géèmù ìkẹyìn sáà yóò jókòó fún géèmù kan. Tirẹ̀ pé 4. Ó jókòó ní géèmù karùn-ún, Warriors pàdánù, wọ́n sì pàdánù títí ife fi bọ́ lọ́wọ́ wọn ní géèmù keje. Ní April 2023, ó fi ẹsẹ̀ tẹ Domantas Sabonis láyà nílẹ̀: géèmù 1. Ní November ọdún náà, ó fún Rudy Gobert lọ́rùn: géèmù 5. Oṣù tó tẹ̀lé e, ó gbá Jusuf Nurkić lójú: géèmù 12 ló bá a lọ. Kò sì sí owó fún ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́.

Ja Morant ti Memphis náà wà níbẹ̀. Ó gbé ìbọn sókè lórí Instagram ní March 2023, wọ́n fún un ní géèmù 8. Kò pé oṣù mẹ́ta, ó tún ṣe irú rẹ̀. Ó di 25.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lè ka ìṣirò yẹn kó yé e. Ṣé Draymond wá jáwọ́? Kò jáwọ́ tán. Àmọ́ ẹni tó ń bá a gbá bọ́ọ̀lù mọ iye tó jẹ́, ẹni tó dojú kọ ọ́ mọ̀ ọ́n, rẹfirí tó fọn fèrè sì mọ̀ pé ìwé tí òun bá kọ, ẹnì kan á kà á. Ní tiwa, ohun tí nọ́ńbà 23 mọ̀ ni pé bí òun bá ti èèyàn lulẹ̀, àgbàlagbà mẹ́ta á bá òun dọ̀bálẹ̀.

Mi ò sọ pé NBA mọ́ tónítóní. Ibi tí wọ́n ti ṣe bíi tiwa gan-an lọ̀rọ̀ ti dà rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní October 2022, Draymond yìí kan náà fi ẹ̀ṣẹ́ lu Jordan Poole, ọmọ ikọ̀ tirẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìgbáradì. Ilé ló ti ṣẹlẹ̀, Warriors náà sì ní àwọn á parí rẹ̀ nínú ilé. Wọ́n gba owó ìtanràn, ó kúrò lọ́dọ̀ wọn fún ọjọ́ díẹ̀, kò sì pàdánù géèmù kan ṣoṣo. Ẹnì kan ju fídíò náà síta, gbogbo ayé wò ó. Nígbà tí sáà parí, Poole ni wọ́n tà lọ sí Washington. Ọ̀rọ̀ owó wà nínú ẹ̀, mo mọ̀. Síbẹ̀ náà, ẹni tí wọ́n lù ló di ẹrù rẹ̀.

Ẹ sì wo Ime Udoka, torí bí a bá ń sọ "ọmọ wa ni", òun gan-an lọ̀rọ̀ tọ́ sí. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè yìí ní ìdíje àgbáyé 2006. Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì Boston Celtics, ó gbé wọn dé àṣekágbá 2022. Kí sáà tó kàn tó bẹ̀rẹ̀, ní September, Celtics ní kó lọ rọ́kún nílé fún odindi sáà kan, wọ́n ní ó rú òfin iléeṣẹ́. Òfin wo? Wọn ò là á yé ará ìta. Kíá, àwọn èèyàn orí ayélujára bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Celtics, wọ́n ń méfò èwo ló jẹ́. Ó di dandan kí Brad Stevens tó ń darí ètò ikọ̀ náà jáde wá sọ̀rọ̀ lórí ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ní April 2023, Udoka ti ríṣẹ́ ní Houston. Èmi ò bínú sí iṣẹ́ tó rí. Ó jókòó, sáà rẹ̀ lọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ibi tí wọ́n bo ìdí ìjìyà náà mọ́lẹ̀ sí ni ọ̀rọ̀ ti fò lọ bà lé ẹlòmíràn.

Irú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin tábìlì wa báyìí. Mo ti gbọ́ ọ ní Wuse, mo tún gbọ́ ọ ní Kubwa, pé ọmọbìnrin yẹn ló yí àmì ayò, pé ohun tó fà á tí wọ́n fi tì í nìyẹn. Irọ́ ni. Ìwé àmì ayò wà lọ́dọ̀ yín. Àyè wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kápútéènì máa ń fọwọ́ sí bí ikọ̀ rẹ̀ bá ní àtakò. Ẹ lọ wò ó, òfìfo ni. Bí ẹ bá ti kéde lọ́sẹ̀ yẹn pé báyìí lọ̀ràn ṣe rí, báyìí la sì ṣe dá a, ta ni ì bá máa fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe ẹlẹ́jọ́?

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: rẹfirí ń gbèjà ara rẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ka tiwa náà. Ní April 2007, Joey Crawford, ọ̀kan nínú àwọn rẹfirí tó ti pẹ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ ní NBA, lé Tim Duncan ti San Antonio jáde nítorí pé ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín o! Wọ́n ní kí Crawford lọ sílé títí sáà yẹn fi parí, wọn ò jẹ́ kó fọn fèrè kan nínú àwọn géèmù ìkẹyìn. Duncan náà san $25,000 fún ọ̀rọ̀ tó sọ sí i. Ìyẹn tiẹ̀ ṣì kéré. Tim Donaghy, rẹfirí bíi tiwa, ń ta tẹ́tẹ́ lórí géèmù tí òun fúnra rẹ̀ ń darí. Ó jẹ́bi lẹ́nu ara rẹ̀ ní 2007, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù 15 ní ọdún tó tẹ̀lé e. Láti 2015, NBA máa ń gbé ìwé jáde lọ́jọ́ kejì géèmù tó bá le dé òpin, wọ́n á to ìpinnu rẹfirí láàárín ìṣẹ́jú 2 ìkẹyìn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó tọ̀nà àti èyí tí kò tọ̀nà. Bí ẹ bá ní agbára kámẹ́rà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí mi. Mi ò ní sá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí òwe yín. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́: ní àárín ọkọ àti aya, tàbí ọmọ ìyá méjì tó ń jà sí ilẹ̀, mo gbà. Àmọ́ ẹ gbọ́ ti Latrell Sprewell. Ọjọ́ kìíní December 1997, ó fún kóòṣì rẹ̀, P.J. Carlesimo, lọ́rùn níbi ìgbáradì. Warriors fa àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ya, líìgì sì fòfin dè é fún ọdún kan. Ẹgbẹ́ àwọn eléré kò gbà, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ onílàjà tí kò sí lábẹ́ ẹnì kankan nínú wọn, John Feerick, olórí ẹ̀ka ìmọ̀ òfin ní yunifásítì Fordham. Ó gbọ́ tọ̀tún tòsì, ó dín ìjìyà náà kù, ó ní kí wọ́n dá àdéhùn rẹ̀ padà. Géèmù 68 ni Sprewell pàdánù lápapọ̀. Ìyẹn kì í ṣe eré. Ní January 1999, ó ti wà ní New York Knicks. Nínú oṣù June ọdún yẹn, òun àti wọn jọ wà ní àṣekágbá. Ẹjọ́ tí wọ́n gbọ́ ló fún un láyè láti tún ríṣẹ́ ṣe láìsí ẹni tó lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, yálà kóòṣì tàbí òun.

Ẹ tún máa ń sọ pé ká má ba ọjọ́ iwájú ọmọ jẹ́. Alága, ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ sí mi létí lọ́jọ́ yẹn, mo sì mọ̀ pé tọkàntọkàn lẹ fi sọ ọ́. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wo Ron Artest, tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Indiana nígbà náà. November 19, 2004, Indiana ń gbá bọ́ọ̀lù ní ilé Detroit, eré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Artest ti ṣe fáòlù tó le, ìjà ti bẹ́ díẹ̀, ó wá lọ dùbúlẹ̀ lórí tábìlì àwọn akọ̀wé bí ẹni tó fẹ́ sùn. Ẹnì kan láàárín òǹwòran sọ ife ohun mímu lù ú. Artest gòkè lọ bá àwọn òǹwòran, ó tilẹ̀ kọ́kọ́ dì mọ́ ẹni tí kì í ṣe òun ló sọ ọ́. Ẹ̀ṣẹ́ ń fò, àga ń fò. Líìgì ní kó jókòó títí sáà náà fi parí. Géèmù 86 ló bá a lọ, kò sí ẹni tí wọ́n tíì jẹ níyà tó bẹ́ẹ̀ rí lórí ìjà nínú géèmù. Stephen Jackson, ọmọ ikọ̀ rẹ̀, gba 30. Jermaine O'Neal, ọmọ ikọ̀ rẹ̀ mìíràn, gba 25, onílàjà sọ ọ́ di 15. Wọ́n gbé òǹwòran tó sọ ife náà lọ sílé ẹjọ́.

Ṣé ọjọ́ iwájú Artest bàjẹ́? Ní 2010 ó wọ jẹ́sì Los Angeles Lakers, nínú géèmù keje àṣekágbá pẹ̀lú Boston, nígbà tí nǹkan le, ó ju bọ́ọ̀lù alámì mẹ́ta kan wọlé tí inú gbogbo gbọ̀ngàn ru sókè. Wọ́n gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà ọpọlọ rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Ó tún fi òrùka ìṣẹ́gun yẹn ta raffle, kí owó rẹ̀ lè lọ sí ìtọ́jú ọpọlọ àwọn ọ̀dọ́. Ọdún tó tẹ̀lé e ló yí orúkọ rẹ̀ padà sí Metta World Peace (ìyẹn ò kàn mí, orúkọ ẹni ni). Mi ò lè sọ pé géèmù 86 ló wò ó sàn. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó parọ́ fún un pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Kí ẹ má rò pé Amẹ́ríkà nìkan ni mo ń tọ́ka sí, ẹ rántí 2022 níbí. Àwọn àgbà bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ń jà lórí ta ló ni àga, wọ́n dìbò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìjọba àpapọ̀ bínú yọ Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àgbáyé fún ọdún méjì. Oṣù tó tẹ̀lé e ìjọba yí ọ̀rọ̀ padà, àmọ́ FIBA ti fi Mali rọ́pò D'Tigress, ikọ̀ obìnrin Nàìjíríà, ní ife ẹ̀yẹ àgbáyé. Àwọn obìnrin yẹn kò ti ẹnikẹ́ni lulẹ̀. Àwọn yìí kan náà ló wá dé ìpele mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Òlíḿpíìkì Paris 2024, èyí tí ikọ̀ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, kò dé rí.

Ní ti kóòṣì wa tó fi fóònù darí eré, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ pé ọgbọ́n rẹ̀ kò tíì tó ti Jason Kidd. Ní November 2013, ó ń darí Brooklyn Nets, ó ti lo gbogbo àyè ìsinmi rẹ̀ tán, ló bá ní kí ọmọ rẹ̀ kan fara gbá òun kí ohun mímu ọwọ́ òun lè dà sí pápá. Wọ́n ń nu ilẹ̀, igbákejì rẹ̀ ń ṣètò eré. Líìgì wo fídíò, wọ́n gba $50,000 lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ni gbogbo wa fi ń sọ ọ́, síbẹ̀ wọ́n gba owó náà.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò ju ojú ìwé kan lọ. Kí fèrè sáà tuntun tó dún, ẹ kọ iye tí ọ̀ràn kọ̀ọ̀kan jẹ́ sílẹ̀: bíbú rẹfirí, fífọwọ́ kan ẹni tó wà nídìí tábìlì, kóòṣì tí wọ́n lé tó tún ń darí eré látẹ̀yìn wáyà. Ẹ jẹ́ kí ti kóòṣì ju ti ọmọ lọ, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọmọ ti ń kọ́ ọ. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti Háúsá, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà pápá, ẹ fi ránṣẹ́ sí WhatsApp àwọn kóòṣì. Bí ẹjọ́ bá dé, ẹ pe ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ kí ẹ tó pe ẹni tó ni kílọ́ọ̀bù. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ìdájọ́ jáde tòun ti ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, ẹ wá lọ́yà kan tí kò ní ikọ̀ nínú líìgì kó gbọ́ tirẹ̀; lọ́yà ló pọ̀ ju ọkọ̀ lọ ní Abuja. Bí ẹni tó ń ra jẹ́sì bá tìtorí ẹ̀ bínú lọ, a ó wọ ti ọdún tó kọjá.

Ní ti ẹjọ́ tó wà nílẹ̀ yìí, èmi ò ní ká lé ọmọ náà kúrò. Géèmù 3 tó o, kó sì jókòó sídìí tábìlì nínú géèmù 3 mìíràn, kó máa kọ àmì ayò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin yẹn, bí ọmọbìnrin náà bá gbà. Kóòṣì, géèmù 6, fóònù rẹ̀ á sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé títí eré á fi parí. Bí ẹ bá rí iye mìíràn tó dáa ju èyí lọ, ẹ kéde rẹ̀, mo fara mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìdájọ́, ẹ wá bẹ̀ mí bó ṣe wù yín, màá mu Maltina náà.

Àmọ́ títí ẹ ó fi fèsì sí ìwé tí mo fi ránṣẹ́, ẹ má fi orúkọ mi sí géèmù ikọ̀ yẹn. Mi ò ní wá. Rẹfirí kejì mi náà ní òun ò ní wá, àwọn mìíràn sì ti ń bi mí bóyá mo ti gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ yín.

Èmi ni tiyín,
Rẹfirí kan, Kubwa.